Ìyá Rẹ Kò Ní Wá Bá Ọ Tọ́jú Ilé Nígbà Sínò

Stone Mountain,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Adémọ́lá, Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Bùsọ́lá ìyàwó rẹ, mo sì fẹnu ko Ìyanu ọmọ yín ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ibi tí mo jókòó sí yìí. Ara ìyá rẹ le. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún mi tó ti mọ̀ pé òtútù ń bọ̀ kí rédíò tó sọ ọ́.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, tí n kò pè ọ́. Lórí fóònù, kí n tó sọ gbólóhùn méjì, wàá ti ní, "Daddy, mo ti gbọ́," bẹ́ẹ̀ o ò tíì gbọ́. Ìwé kì í jẹ́ kí ọmọ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu bàbá rẹ̀. Fúnmi àbúrò rẹ ni yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ yín lọ́la, nígbà tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Lánàá lẹ́yìn ìsìn, mo wà nítòsí nígbà tí o pe ìyá rẹ. O ní wọ́n ti kéde pé sínò tó pọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. O ní Bùsọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù tuntun yìí ni, kò sì lè sọ pé òun ò ní lọ. O ní kí ìyá rẹ tètè wá sí Ellenwood ní Ọjọ́rú, kó wá máa dáná, kó máa fọ aṣọ, kó sì máa tọ́jú ọmọ. Ó ti ń kó aṣọ sínú báàgì nígbà tí mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Mọ́lá ńkọ́? Níbo lòun máa wà?"

Ó ní, "Ilé ni. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ láti ilé."

Mo ní kó tú báàgì náà.

Àkànní, ìyá rẹ kò ní wá. Kì í ṣe pé kò fẹ́ wá. Inú ń bí i sí mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí; ó kàn gbé oúnjẹ mi ka orí tábìlì láàárọ̀ ni, ó sì wọ yàrá lọ. Èmi ni mo ní kó má wá, ojú mi ni kí o sì wò bí o bá fẹ́ bínú. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ti jìn sí kòtò náà rí. N kò sì pa òwe lásán o, kòtò gidi ni, ìwọ fúnra rẹ wà ní ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ nígbà náà, Fúnmi sì jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé kékeré àkọ́kọ́ tí a gbé níbí ni, èyí tó wà lórí òkè. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn akẹ́rù kan lẹ́bàá Austell, ìyá rẹ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní àárín ìlú. Wákàtí méjìlá ni yóò fi dúró lórí ẹsẹ̀, yóò wá délé, yóò dáná, yóò fọ ìgò ọmọ, yóò da aṣọ sínú ẹ̀rọ. Èmi ńkọ́? Màá jókòó. Ìyá tó bí mi ní Ìbàdàn kì í jẹ́ kí ọmọkùnrin yọjú sí ilé ìdáná, mo sì gbé àṣà yẹn kọjá òkun bí ẹni gbé ìwé ẹ̀rí.

Kí sínò tó já, mo ti ṣe àṣìṣe mẹ́ta. Màá kà wọ́n fún ọ, kí o má baà rò pé ojú ọjọ́ ló ṣe wá.

Èkíní ni ti híítà ilé. Ó ti ń kùn látìgbà tí ewé ti ń já bọ́. Ìyá rẹ rọra ń fi owó díẹ̀díẹ̀ pamọ́ kí a lè pe ẹni tó máa tún un ṣe. Mo kó owó náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, kí wọ́n fi ra páànù ilé tí mo ń kọ́ lọ́hùn-ún. Ó ní, "Bàbá Mọ́lá, ilé tí à ń sùn nínú ẹ̀ ńkọ́?" Mo ní òtútù ìlú yìí kì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń fi fọ́tò ilé tiwọn hàn mí lẹ́yìn ìsìn, ojú sì ń tì mí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ẹlòmíì ni èmi ń wò ní tèmi.

Èkejì, oúnjẹ. Owó ò sí lọ́wọ́ lóṣù yẹn, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní kí a máa ra nǹkan díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀wà, ẹja inú agolo, mílìkì ọmọ. Mo ní àṣejù ni.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. O mọ bí ikọ́ fée ṣe ń bá ọ fínra ní kékeré. Oògùn tí o máa ń fà sẹ́nu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní ọjọ́ Ajé, ìyá rẹ ní kí n yà ní ilé ìtajà oògùn kí n gba òmíràn. Wọ́n ti ṣe é sílẹ̀, ó ti sanwó rẹ̀, kí n ṣáà nawọ́ gbà á ni. Mo ní mo gbọ́. Mo kọjá níwájú ibẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Mo tún kọjá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bọ́ọ̀lù ni mo ń sáré lọ wò nílé ọ̀rẹ́ mi. Lọ́kàn mi, iṣẹ́ obìnrin ni oògùn ọmọ.

Sínò bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí ìyá rẹ ti lọ sí ibi iṣẹ́. O mọ̀ pé ìlú wa kì í ṣe ìlú sínò. Ọ̀nà wa ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ tó ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kò tó nǹkan. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo òpópó ti di yìnyín, àwọn èèyàn ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ lójú títì, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn. Ìyá rẹ pè.

"Àwọn tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa ò lè dé. Mi ò lè fi àwọn aláìsàn sílẹ̀. Ṣé ẹ ti gba oògùn Mọ́lá?"

Mo ní, "Ó wà nílé."

Irọ́ ni, Àkànní. Mo rò pé sínò náà á yọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, pé màá sáré lọ gbà á, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, mo din gbogbo ẹyin tó wà nílé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sì jẹ́ kí ìrẹsì jóná. Mo wọ nápì fún Fúnmi sódì, ó tọ̀ sí mi lára. Ìwọ lo ń fi nǹkan hàn mí. "Daddy, no. Ìgò yẹn is for water. Mílìkì wà lókè, on the left." Ọmọ ọdún mẹ́fà ń fi bàbá rẹ̀ mọlé bí ẹni ń fi àlejò mọ̀nà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́bọ̀, híítà ti kú. Ilé tutù débi pé à ń rí èémí ara wa. Mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo gbé ààrò èédú tí a fi ń sun ẹran wọ inú pálọ̀, mo ń wá ìṣáná. Bí wọ́n ṣe kan ilẹ̀kùn nìyẹn.

Miss Lorraine ni, màmá àgbàlagbà tó ń gbé ní òdì kejì wa, tó wa ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mo ti kìlọ̀ fún ìyá rẹ pé kó má sún mọ́ ọn, pé ó fẹ́ràn àtojúbọ̀. Ojú fèrèsé rẹ̀ ló wà tó fi rí mi tí mo gbé ààrò wọlé, ló bá wọ bàtà òjò, ó sọdá. Òyìnbó ló sọ, ṣùgbọ́n bó ṣe dún létí mi nìyí:

"Ṣé o fẹ́ pa àwọn ọmọ yìí ni? Atẹ́gùn tó ń jáde lára èédú, o ò ní rí i, o ò ní gbóòórùn rẹ̀. Ẹ ó kàn sùn ni, ẹ ò sì ní jí mọ́. Gbé e jáde. Kó àwọn ọmọ, ẹ máa bọ̀ nílé mi, iná igi ń jó lọ́dọ̀ mi."

Mo gbé ààrò jáde. Ṣùgbọ́n mo ní kó má ṣèyọnu, pé a dúpẹ́, pé kò sí ohun tó ṣe wá. Ó wò mí, ó mi orí, ó padà sílé rẹ̀. Ìgbéraga mi kò tíì tán.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àyà rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Mo fi oògùn sí ọ lẹ́nu, mo tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ̀n ọ́n, mo tẹ̀ ẹ́. O gbójú sókè wò mí, o ní, "Daddy, it's finished. Mummy said you have the new one." Kò sí ìyà tí ẹnikẹ́ni fi jẹ mí láyé mi tó dùn mí tó gbólóhùn yẹn.

N kò ronú. Mo gbé yín méjèèjì sínú ọkọ̀, mo ní ilé ìtajà oògùn là ń lọ. Bí mo ṣe fẹnu ọkọ̀ lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yẹn, táyà ò di ilẹ̀ mú mọ́. Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ń lọ. Mo yí ìdarí rẹ̀, ọkọ̀ ń lọ síbi tó wù ú. Ó gbá àpótí lẹ́tà ẹnì kan wó, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan jìn sí kòtò. Fúnmi figbe ta. Ìwọ ò ké, o ò ní èémí tí wàá fi ké. Èjìká rẹ ń lọ sókè sódò. Mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ò lè sọ ìgbà tí ọkọ̀ àwọn máa lè gun òkè náà.

Mo jáde, mo ṣubú, mo dìde, mo ń pariwo "Ẹ gbà mí o!" ní Yorùbá ní ìlú onílùú.

Miss Lorraine ló tún wá. Ó gba Fúnmi lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Gbé ọmọkùnrin yẹn. Orí koríko ni kí o máa tẹ̀, má tẹ títì." Nígbà tí a délé rẹ̀, ó bi mí pé kí ni orúkọ oògùn rẹ. N kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi, ọdún mẹ́rin ni o ti ń lo oògùn yẹn, mo ní láti yọ òfìfo rẹ̀ lápò kí n tó lè ka orúkọ rẹ̀ fún un.

Ó gbé fóònù. Ó pe ilé kan, ó pe èkejì. Ilé kẹta, obìnrin kan ní ìpẹ̀kun àdúgbò ní oògùn kan náà ni dókítà fún ọmọbìnrin òun, ó sì kù. Ó bèèrè ta ló fẹ́ lò ó. Miss Lorraine ní, "Ọmọ nọ́ọ̀sì ni." Obìnrin náà ò bèèrè nǹkan kan mọ́. Ọkọ rẹ̀ ló fẹsẹ̀ rìn gbé e wá, yìnyín ti bo gbogbo irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní nígbà tí àìsàn náà kọ́kọ́ mú ọmọ àwọn, ìyá rẹ ló wá jókòó ti ìyàwó òun, tó kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń lò ó. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìyá rẹ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí.

Mo pe ìyá rẹ ní wọ́ọ̀dù kí n tó fi oògùn náà sí ọ lẹ́nu. Mo ní, "N kò gba oògùn Mọ́lá. Mo parọ́ fún ọ. Kò lè mí dáadáa, oògùn ọmọ ẹlòmíì ló wà lọ́wọ́ mi."

Ohùn nọ́ọ̀sì ló wá fi dá mi lóhùn. "Ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀ fún mi. Ó dáa. Ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ jẹ́ kó jókòó, kó má dùbúlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fà á. Ẹ máa kà. Ẹ jẹ́ kó tún fà á." Kò gbé fóònù sílẹ̀ títí èjìká rẹ fi rọlẹ̀, títí o fi ní o fẹ́ mu omi. Ó wá ní, "Ẹ ṣé," ó sì padà sídìí iṣẹ́. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ pàjáwìrì fi máa fẹsẹ̀ gun òkè dé, tí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò, o ti ń bá ajá Miss Lorraine ṣeré.

A sùn nílé rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Mo rò pé yóò máa bá mi tọ́jú yín. Nígbà tí mo na ìgò ọmọ sí i kó bá mi fọ̀ ọ́, ó ká ọwọ́ gbera. Ó ní, "Èmi ò ní fọ̀ ọ́ fún ọ. Wá, màá fi hàn ọ́." Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Mo kọ́ bí a ṣe ń ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa kán tó, tó, kí páìpù má baà dì kó bẹ́. Mo sọdá lọ kó ìwọ̀nba ẹ̀wà àti ìrẹsì tó kù nílé wa, ó ní kí n pín in sí ìpín mẹ́ta kí n tó gbé ìkòkò kaná, kí n má baà jẹ tọ̀la mọ́ tòní. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Obìnrin tí kò gbọ́ Yorùbá rí ló kọ́ mi ní ìtumọ̀ òwe yẹn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá rẹ fẹsẹ̀ rìn láti ojú títì ńlá wálé. Ó ti fi báàgì ọ̀rá di bàtà rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó gbé yín mọ́ra, ó fi etí lé àyà rẹ, ó tẹ́tí títí. Lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó ní:

"Ẹ dìde. Mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Tí mo bá tún wà níbi tí mi ò ti lè délé, ṣé ọmọ mi á yè lọ́wọ́ yín?"

Mo bu ẹ̀wà fún un. Ó ti jóná nídìí díẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì sùn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé yóò yè lọ́wọ́ mi, n kò sì yẹ̀ ẹ́ rí. Mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn pé kí iṣẹ́ ilé dúró. Ó bínú, ó ní mo ti di òyìnbó. Ọdún mẹ́ta ni ilé náà fi wà láìní páànù tó pé, òjò pa á, koríko hù nínú rẹ̀, ojú sì tì mí nígbàkúgbà tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n híítà wa ṣiṣẹ́. Mo tún àpótí lẹ́tà oníǹkan ṣe. Mo ń dáná ní ọjọ́ tí ìyá rẹ bá ní iṣẹ́, ó kọ́kọ́ burú, o ń sunkún pé o ò jẹ ọbẹ̀ Daddy. Nígbà tó yá, o ń jẹ ẹ́.

Nítorí náà, Àkànní, gbọ́ mi.

Lónìí tàbí lọ́la, kó tó di Ọjọ́bọ̀, ìwọ fúnra rẹ, lọ wo àpótí oògùn ilé yín. Mọ orúkọ ohun tí ọmọ rẹ ń lò àti ìwọ̀n rẹ̀. Ra mílìkì rẹ̀ tó máa tó ọ̀sẹ̀ kan. Bí owó ò bá tó, ra ìyẹn ṣáájú ohunkóhun tí ìwọ fẹ́ jẹ.

Bá Bùsọ́lá di báàgì tó máa gbé lọ síbi iṣẹ́: aṣọ ọjọ́ mẹ́ta, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́. Má dúró kó sọ fún ọ. Obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ onílé-ọlọ́nà ní ọsibítù kò gbọdọ̀ máa ronú pé ta ló ń tọ́jú tirẹ̀.

Má wa ọkọ̀ lórí yìnyín. Jíìpù tuntun tí o rà yẹn, n kò bá ọ jà lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ohun tó ń jẹ lóṣù. Ṣùgbọ́n yìnyín ò mọ jíìpù. Jẹ́ kí omi ẹ̀rọ máa kán. Má gbé èédú wọlé láéláé.

O ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò yẹn, ilé tuntun pọ̀ níbẹ̀, kálukú ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Kan ilẹ̀kùn méjì. Sọ orúkọ rẹ fún wọn, gba nọ́ńbà wọn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Má jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí o bá ń kígbe nínú kòtò ni wọ́n máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́.

Ní ti iṣẹ́ láti ilé tí o sọ, n kò ní kí o má ṣe é. Ọmọ á ké nígbà tí o bá ń bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀. Jẹ́ kó ké. Gbé e sí ẹsẹ̀ kan, máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Ilé á dọ̀tí, fọ abọ́ kí o fi ilẹ̀ gbígbá sílẹ̀. Nǹkan méjì á máa já mọ́ ọ lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Rí i pé ọmọ kò sí lára wọn.

Bí ewu bá dé, pè wá. Èmi á wá, àní bí mo bá máa fi orúnkún yìí rìn láti Stone Mountain dé Ellenwood. Ṣùgbọ́n nítorí abọ́ àti aṣọ ìdọ̀tí, n kò ní jẹ́ kí ìyá rẹ fi ọjọ́ ogbó rẹ̀ rìn lórí yìnyín. Ó ti rin tirẹ̀.

O lè ṣe é. Kì í ṣe pé mo ń tù ọ́ nínú; èmi tí n kò mọ apá ibi tí wọ́n ń wọ nápì sí, mo ṣe é. Ọlọ́run tó mú wa la ti ìgbà yẹn kọjá yóò bò yín mọ́lẹ̀, yóò sì dá Bùsọ́lá padà sílé fún ọ ní àlàáfíà.

Bí o bá ka ìwé yìí tán, má pè mí wá dúpẹ́, má sì pe ìyá rẹ wá bẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe mọ ọmọ yẹn, Ìyanu á ti jí báyìí, á sì máa ké. Jẹ́ kí Bùsọ́lá jókòó. Dìde, lọ gbé e.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.